Kí ẹ tó bu dúdú sí búlúù

Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí mo ṣe fìrídọ́ọ̀mù nídìí iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn, nígbà tí ìyá kan ní Kubwa gbé ìró àdìrẹ aláró kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní àwọ̀ yẹn gan-an ni òun fẹ́ lára ògiri pálọ̀ òun. Mo po sténà búlúù mọ́ ọ̀dà funfun, ó mọ́lẹ̀ jù. Mo bá bu dúdú sí i. Ìyá náà wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, eérú mà lo pò fún mi yìí." Òótọ́ ló sọ. Garawa lítà 20 náà ṣòfò, owó àpò mi ni mo fi ra òmíràn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo búlúù dáadáa. Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ pò ó. Ọ̀kan ń fà sí pupa, ultramarine ni wọ́n ń kọ sára ìgò rẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ilé: òun ni búlúù ìfọṣọ tí àwọn ìyá wa ń pò mọ́ omi ìkẹyìn kí aṣọ funfun má baà ràn, òun náà ni ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére wá ń lò bíi wájì, búlúù tí wọ́n fi ń kun ère. Èkejì ń fà sí àwọ̀ ewé, phthalo ni orúkọ tirẹ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Ẹ̀kán tíńtín ni kí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ búlúù tó ń lọ sí èsè àlùkò, ultramarine ni kí ẹ bu pupa díẹ̀ sí. Phthalo pẹ̀lú pupa á dọ̀tí, nítorí àwọ̀ ewé ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ búlúù olómi òkun lẹ fẹ́, phthalo náà ni, pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè ẹ̀kán kan àti funfun púpọ̀.

Kí la wá fi ń mú búlúù ṣókùnkùn? Àwọ̀ ọsàn ni ọ̀tá búlúù, bí wọ́n bá pàdé, ọ̀kan á pa ìtànṣán èkejì. Àwọ̀ ilẹ̀ tó jinlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní burnt umber, ní ọsàn nínú. Òun ni mo ń lò. Ultramarine mẹ́ta sí àwọ̀ ilẹ̀ kan ni mo sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ bí mo bá ń wá àwọ̀ aró. Àti pé ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀dà funfun, ẹ ò ní dé ibi tí ẹtù, búlúù aró tó ṣókùnkùn jù, wà láéláé. Ẹ béèrè fún ọ̀dà tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fi funfun sí, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọ̀ tó jinlẹ̀.

Ní Kofar Mata ní Kano, níbi tí ìtàn sọ pé wọ́n ti ń rẹ aṣọ láti 1498, kòtò kan náà ni àyìnrín, búlúù tó mọ́lẹ̀, àti ẹtù ti ń jáde. Iye ìgbà tí aṣọ wọ inú aró ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Aṣọ á jáde bí ewé, afẹ́fẹ́ á kàn án, á sì di búlúù lójú yín. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó. Ọ̀dà kò rí bẹ́ẹ̀ ní tiwa: kíkùn ẹ̀ẹ̀mẹta kò lè sọ àyìnrín di ẹtù. Inú garawa ni gbogbo rẹ̀ ti ń parí.

Nítorí náà, ẹ kun díẹ̀ sórí páálí, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, torí ọ̀dà olómi sábà máa ń ṣókùnkùn sí i bó bá gbẹ. Ẹ wò ó ní òwúrọ̀, kí ẹ tún wò ó lábẹ́ gílóòbù lálẹ́. Gílóòbù tó ń pọ́n á fa búlúù sẹ́yìn. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ní sìmẹ́ńtì, ẹ fún un ní ọjọ́ 28 kí ẹ tó kùn ún. Bí ilé yín bá wà létí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀, ẹ má kun àyìnrín síta, eruku ọyẹ́ á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn kí oṣù kejì tó parí.

Ẹ kọ iye ṣíbí tí ẹ lò sórí ìdérí garawa. Tèmi fún ìyá Kubwa ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó sì ti pè mí padà fún yàrá méjì.