Owó PIP nílùú Ọba: irú ẹ̀rí wo ló yẹ kẹ́ ẹ kó jọ?

Ní oṣù Kẹta 2025, ìjọba ìlú Ọba kéde pé àwọn fẹ́ mú ìlànà PIP (Personal Independence Payment) le sí i. Owó ìrànwọ́ ni, fún ẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tàbí àbùkù ara kò jẹ́ kó lè ṣe nǹkan fúnra rẹ̀. Apá méjì ló ní: ìgbé ayé ojoojúmọ́ àti ìrìn. Máàkì ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ìṣòro ẹni ṣe le tó. Wọ́n ní láti oṣù Kọkànlá 2026, ẹni tí kò bá gba máàkì 4 lórí iṣẹ́ ojoojúmọ́ kan ṣoṣo kò ní rí owó apá ìgbé ayé ojoojúmọ́ gbà. Nígbà tó di oṣù Keje, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àbá òfin náà, wọ́n ní kí mínísítà Stephen Timms kọ́kọ́ yẹ gbogbo ètò àyẹ̀wò náà wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ ìkéde àkọ́kọ́, wọn ò gbọ́ ìkejì.

Ṣé ìlànà máàkì 4 yẹn ti wá di òfin báyìí?

Kò di òfin. Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì tẹ́lẹ̀ náà ló wà nínú òfin: iṣẹ́ ojoojúmọ́ 10, bí oúnjẹ sísè, ìwẹ̀ wíwẹ̀, aṣọ wíwọ̀ àti oògùn lílò, àti ohun 2 tó jẹ mọ́ ìrìn. Ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ní máàkì 8 gba owó kékeré, ẹni tó bá ní 12 gba èyí tó pọ̀.

Mo ní ìwé ilé ìwòsàn tó sọ pé mo ní làkúrègbé. Ṣé kò tó ni?

Kò tó. DWP, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń san owó náà, kì í san án nítorí orúkọ àìsàn. Ohun tí àìsàn náà kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè ṣe ni wọ́n ń wò. Làkúrègbé lè ṣe èèyàn méjì, kí ọ̀kan ṣì máa gun àtẹ̀gùn, kí èkejì má lè ṣí ìdérí ìgò.

Kí ló wá yẹ kó wà nínú lẹ́tà tí dókítà máa kọ?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ẹ̀tọ́ wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Ká ní dókítà kọ pé: “Làkúrègbé ń ṣe obìnrin yìí, ó sì ń lo oògùn.” Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí máàkì kankan níbẹ̀. Ká ní ó kọ pé: “Ìka ọwọ́ rẹ̀ kò ká dáadáa. Kò lè gbé ìkòkò omi gbígbóná láìséwu, ẹlòmíì ló ń bá a gbé e. Bó bá ti rìn tó nǹkan bíi mítà 40, ìrora á dá a dúró.” Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú èyí ló bá ìbéèrè kan mu nínú fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa kọ fún DWP. Ẹni tó lè rìn ju mítà 20 lọ láìlo ọ̀pá, àmọ́ tí kò lè kọjá mítà 50, máàkì 8 ló tọ́ sí i. Ó ti tó owó kékeré ní apá ìrìn nìyẹn.

Òfin tún sọ pé kí wọ́n tó lè ní ẹ lè ṣe nǹkan, ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣe é láìséwu, kó dára dé ìwọ̀n tó yẹ, kẹ́ ẹ lè tún un ṣe níye ìgbà tó bá yẹ, kó má sì gbà yín ju ìlọ́po méjì àkókò tó ń gba ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹni tó bá wẹ̀ tán láàárọ̀ tó wá ní láti dùbúlẹ̀ títí ọ̀sán, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè wẹ̀ kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀. Ẹ kọ ìdùbúlẹ̀ náà mọ́ ọn.

Kì í ṣe dókítà àgbà tó ń rí yín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló mọ èyí jù. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé, oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú, àní ọkọ tàbí ọmọ tó ń bá yín wọ aṣọ, ẹ̀rí wọn wúlò gan-an.

Ṣé DWP kọ́ ló máa bá mi béèrè lọ́wọ́ dókítà ni?

Wọ́n lè béèrè, kò pọn dandan fún wọn. Ẹ má gbọ́kàn lé e.

Dókítà mi ní kí n sanwó kí òun tó kọ lẹ́tà. Ṣé ó tọ́?

Ó lè gbowó, torí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò sí lára iṣẹ́ tí NHS, ètò ìlera ìjọba, ń sanwó rẹ̀ fún un. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni òfin ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín bẹ́ ẹ bá béèrè, láàárín oṣù kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí tiwọn lórí NHS App. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n tún un ṣe. Ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ìṣòro yín nìkan ni kẹ́ ẹ yọ. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ pa ojúlówó mọ́, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà National Insurance yín sára ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ ti fẹ́ pé, lẹ́tà kò tíì dé.

Oṣù kan ni wọ́n ń fúnni láti dá fọ́ọ̀mù padà. Ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rí míì ń bọ̀.

Lọ́jọ́ míì ara mi máa ń fúyẹ́. Ṣé irọ́ ni mò ń pa?

Rárá o. Ohun tí wọ́n ń wò ni bó ṣe ń rí ní èyí tó ju ìdajì àwọn ọjọ́ tó wà nínú oṣù 12 lọ. Ẹ ní ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ ó máa kọ ọ́ sí lójoojúmọ́: ohun tẹ́ ẹ gbìyànjú láti ṣe, ibi tó ti kọ̀, ẹni tó ràn yín lọ́wọ́. Ìṣòro náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 3, kó sì jọ pé yóò wà fún oṣù 9 sí i. Ìlànà mìíràn wà fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti dé ìpele ìkẹyìn.

Kí ni kí n ṣọ́ra fún bí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò?

“A dúpẹ́.” Ohun tí àwa Yorùbá ń sọ nìyẹn bí wọ́n bá bi wá pé báwo lara. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò yín lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara yín dá. Bó bá béèrè bí ara ṣe rí, ẹ sọ bí òru àná ṣe rí fún un. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ sọ fún àjèjì pé ẹlòmíì ló ń bá wọn wẹ̀, ìtìjú náà sì yé mi dáadáa. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá fi pamọ́, kò sẹ́ni tó máa fún yín ní máàkì rẹ̀. Bí Yorùbá bá rọrùn fún yín ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Kò dáa kó jẹ́ ọmọ yín ló máa túmọ̀, torí àwọn nǹkan kan wà tí òbí kì í fẹ́ sọ lójú ọmọ.

Mò ń ṣiṣẹ́. Ṣé mo ṣì lè béèrè?

Bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kì í wo owó oṣù.

Wọ́n ti kọ̀ mí. Ṣé ó parí nìyẹn?

Kò parí. Láàárín oṣù kan sí ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, níbi tí adájọ́, dókítà àti ẹnì kan tó mọ̀ nípa ìṣòro àwọn aláàbọ̀ ara ti máa ń jókòó. Ju ìdajì àwọn tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn níbẹ̀ ló ń jàre. Ẹ ka ìdí tí wọ́n fi kọ̀ yín, kẹ́ ẹ wá ẹ̀rí tó dáhùn ìdí yẹn gan-an. Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn, ń ranni lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Scotland ni mò ń gbé.

Adult Disability Payment ni tiyín, Social Security Scotland ló ń san án.

Físà ni mo fi wà níbí. Ṣé ó lè kó mi sí wàhálà?

Ó lè kó yín sí i. Bí físà yín bá ní “no recourse to public funds”, PIP wà lára owó tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má gbà, gbígbà á sì lè ba ìgbélùú yín jẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó láṣẹ láti gbà á pàápàá, lọ́pọ̀ ìgbà ó gbọ́dọ̀ ti gbé níbẹ̀ fún ọdún 2 nínú ọdún 3 tó kọjá. Kẹ́ ẹ tó pe DWP rárá, ẹ fi ìwé ìgbélùú yín han agbaniníyànjú tí ìjọba fọwọ́ sí lórí ọ̀rọ̀ ìgbélùú.