Ẹ̀rọ ínsúlínì kò mọ̀ pé ẹ ti fọwọ́ kan iyán

Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀rọ tó ń dá ínsúlínì, omi ara tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, wọ̀n sára fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìn-ín-ní, ìyẹn àwọn tí ara wọn kì í ṣe ínsúlínì tó mọ́. Láti ìgbà náà, ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní London àti nílé ni pé ẹni tó bá ti gbé e sára ti bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ: kó máa jẹ ohun tó bá wù ú, ẹ̀rọ ló máa bójú tó ìyókù. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé pancreas tuntun, ẹ̀yà inú ara tó ń ṣe ínsúlínì, ni wọ́n fi sí i nínú. Irọ́ ni.

Ìta ara ni wọ́n ti ń so ó mọ́ni. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan lẹ̀ mọ́ apá tàbí ikùn, okùn tín-ín-rín rẹ̀ wọ abẹ́ awọ, ó sì ń fi iye ṣúgà ránṣẹ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú kan sí márùn-ún. Pọ́ǹpù tí ínsúlínì wà nínú rẹ̀ ń gba páìpù kékeré kan rọ ọ́ sábẹ́ awọ díẹ̀díẹ̀. Ètò ìṣirò tó wà nínú pọ́ǹpù tàbí nínú fóònù ló ń pàṣẹ: bí ṣúgà bá fẹ́ já wálẹ̀, á dín ínsúlínì kù tàbí kó dá a dúró, bó bá ń gòkè, á fi kún un.

Mi ò bu ẹ̀rọ náà kù o. Nínú ìwádìí olóṣù mẹ́fà kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019, kí àwọn tó lo ẹ̀rọ náà tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 61 nínú 100 àkókò ni ṣúgà wọn fi wà láàárín 70 sí 180 mg/dL, ibi tí àwọn dókítà fẹ́ kó wà. Ó gòkè dé 71. Ìyẹn ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́, òru ló sì ti ń ṣe bẹbẹ jù, nígbà tí èèyàn ò jẹun. Ìdá 29 tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Oúnjẹ ni baba ìṣòro níbẹ̀.

Pancreas tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ń tú ínsúlínì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀, kíákíá. Abẹ́ awọ ni ti ẹ̀rọ ń gbà wọlé. Ínsúlínì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò nínú rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó lè ju wákàtí kan lọ kó tó lágbára tán, ó sì lè wà lára fún wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún. Sẹ́ńsọ̀ pàápàá, omi àárín sẹ́ẹ̀lì ló ń wò, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ gbẹ́yìn. Kó tó rí iyán, iyán ti dé inú ẹ̀jẹ̀.

Ìdí nìyí tí onítọ̀hún fi gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ kó tó jẹun: á ṣírò gíráàmù sítáàṣì àti ṣúgà inú oúnjẹ, á tẹ̀ ẹ́ sí i, á dúró díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní iLet, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023, kò béèrè gíráàmù, àmọ́ òun náà ní láti gbọ́ bóyá oúnjẹ ọ̀hún tó ti ojoojúmọ́, ó jù ú lọ tàbí kò tó o.

Ẹ gbé e wá sí òde ìnáwó wàyí. Ìrẹsì dé lójijì, ẹni náà ti jẹun tán kó tó rántí. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó tẹ gbogbo gíráàmù náà sí i. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ti rí i pé ṣúgà ń gòkè, ó sì ti ń rọ ínsúlínì fúnra rẹ̀. Méjèèjì gun orí ara wọn. Onílù wá ki í, ó bọ́ sí agbo ijó. Ijó náà sì ń fa ṣúgà wálẹ̀. Kò pẹ́, ọwọ́ ń gbọ̀n, òógùn ń bò ó, ṣúgà ti wálẹ̀ kọjá 70. Ó yẹ kó ti sọ fún ẹ̀rọ nípa ijó ṣáájú, bó ṣe yẹ kó sọ nípa oúnjẹ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti páìpù kékeré abẹ́ awọ. Ínsúlínì tó ń yára tán lára nìkan ló wà nínú pọ́ǹpù. Bí páìpù náà bá ká tàbí tó yọ, láàárín wákàtí mélòó kan ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún ásíìdì: èébì, inú rírun, mímí tó jinlẹ̀ tó sì yára. Ẹ̀rọ lè máa rò pé òun ń rọ ínsúlínì sára. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga tí kò sọ̀ kalẹ̀, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni kó gún bí dókítà rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, kó pààrọ̀ páìpù, kó yẹ ketone, ìyẹn ásíìdì ọ̀hún, wò. Bí èébì bá ti wọ̀ ọ́, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra pọ́ǹpù ránṣẹ́ sílé ńkọ́? Páìpù yẹn, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ju ọjọ́ 10 sí 15 lọ. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tẹ́ ẹ ti máa rí wọn rà lóṣooṣù, àti dókítà tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó, kẹ́ ẹ tó náwó.