Aerarium: Ẹ Jẹ́ Ká Pè É ní Àká Owó Ìlú

Ẹ dákun, ta ló kọ́kọ́ pe aerarium, ibi tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń kó owó ìlú sí, ní "ilé ìṣúra"? Ẹni tó bá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì rí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé ọkàn lọ: ìdámẹ́wàá, Málákì orí 3. Kí òǹkàwé tó gbé ọkàn kúrò níbẹ̀, gbólóhùn ti parí. Àwọn mìíràn kọ "èráríọ́ọ̀mù", wọ́n to àmì ohùn lé e lórí, wọ́n ní àwọn ti túmọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run á dárí jì wọ́n.

"Àká owó ìlú" lèmi ń kọ. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú pé àgbàdo là ń kó sí àká. Mo ní, ilé ta ni wọ́n ń kó owó ọ̀hún sí ní Róòmù? Tẹ́ńpìlì Saturn, nísàlẹ̀ òkè Capitol. Saturn yìí sì ni òrìṣà tó ni irúgbìn. Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní ká kúkú pè é ní "ilé idẹ", nítorí inú aes, idẹ, ni orúkọ náà ti jáde: idẹ ni wọ́n ń wọ̀n ná bí owó kí fàdákà tó dé. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló máa gbọ́ "ilé idẹ" tí kò ní rò pé ibi tí wọ́n ti ń rọ idẹ là ń wí?

"Àpò ìjọba" sàn díẹ̀. A ṣáà ní akápò, akápò sì ni àwọn quaestor tó ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹni tó gbé àpò kọ́ bá lọ ni àpò ń lọ. Ẹ wo agbo ilé: àgbàdo inú àká, ti gbogbo ẹbí ni, baálé kàn ń pàṣẹ kí wọ́n ṣí i ni. Èyí tó wà lápò dàńṣíkí baálé, tirẹ̀ ni. Aerarium ni àká, Senate, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Róòmù, ló ń pàṣẹ rẹ̀; fiscus, owó olú ọba, ni àpò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àpò ń wú, àká ń fọn.

Lọ́dún 49 ṣáájú ìbí Jésù, Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, fẹ́ kówó nínú aerarium. Metellus, ọ̀kan lára àwọn aṣojú ará ìlú, dí i lọ́nà, ó ní òfin ò gbà á. Wọn ò rí kọ́kọ́rọ́. Caesar ní kí wọ́n pe alágbẹ̀dẹ wá fọ́ ilẹ̀kùn, ó sì sọ fún Metellus pé òun á pa á bí kò bá yẹra. Ẹ wá fi "àpò" sínú ìtàn yẹn kí n rí i: kí ni alágbẹ̀dẹ fẹ́ fọ́ lára àpò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ sọ fún mi pé apẹ̀rẹ̀ ni fiscus ní Látìn, mo mọ̀. Ẹ pè é ní apẹ̀rẹ̀ olú ọba, mi ò ní bá yín jà.