Ohun tó ń yí àwo orin nínú giramafóònù àtijọ́

Ipa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ sí ojú kọ̀ọ̀kan àwo orin. Etí àwo ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ́ wọlé bí ìkarahun ìgbín títí tó fi dé ìtòsí àárín. Ara ògiri ipa yìí ni orin wà, ó rí gbágungbàgun lọ́nà tí ojú lásán kò lè rí. Abẹ́rẹ́ tí dáyámọ́ńdì wà lẹ́nu rẹ̀ á bọ́ sínú ipa náà, bí àwo bá sì ṣe ń yí, ògiri á máa tì í sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sódò.

Nínú ọ̀pọ̀ wọn, òòfà kékeré kan wà nídìí abẹ́rẹ́ yẹn, láàárín wáyà bàbà tí wọ́n ká. Abẹ́rẹ́ mì, òòfà mì, iná mànàmáná díẹ̀ jáde. Díẹ̀ náà ni lóòótọ́, torí kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 fóòtì (volt, òṣùwọ̀n agbára iná) kan lọ. Ìdí nìyí tí ampilifáyà fi gbọ́dọ̀ ní ojú ihò tiẹ̀ lọ́tọ̀ fún giramafóònù. Iṣẹ́ mìíràn tún wà níbẹ̀: nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ipa má baà fẹ̀ jù, wọ́n á sì fi kún ohùn òkè. Láti 1954 ni ìlànà kan náà, RIAA (ti ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin Amẹ́ríkà), ti wà fún èyí. Ampilifáyà ló ń dá a padà sí bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ki wáyà bọ ojú ihò mìíràn yóò gbọ́ orin tó tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlù àti ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ohun tó bá ti mì ín, orin ni lójú tirẹ̀. Àríyànjiyàn tó wà lórí giramafóònù àtijọ́ wo ló dára jù, ibẹ̀ ló ti wá: báwo ni ẹ́ńjìnnì ṣe máa yí àtẹ irin tí àwo jókòó lé ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan, láìyára jù, láìfalẹ̀, tí abẹ́rẹ́ kò sì ní gbúròó rẹ̀?

Kẹ̀kẹ́ rọ́bà ni wọ́n kọ́kọ́ gbára lé. Ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan, kẹ̀kẹ́ náà ń yí àtẹ láti inú etí rẹ̀. Garrard 301 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1950 sí 1960 wà nínú irú yìí. Thorens TD 124 ti Switzerland, tó jáde ní 1957, fi bẹ́líìtì kún un. Agbára wọn pọ̀: kí ẹni tó tan án ṣẹ́jú méjì, àtẹ ti ń yí bó ṣe yẹ. Àmọ́ rọ́bà kò lè gba gbogbo ìgbọ̀nrìrì mọ́ra. Nígbà tí àwo ṣì jẹ́ olóhùn kan, ọ̀tún àti òsì nìkan ni abẹ́rẹ́ ń kà, ìgbọ̀nrìrì tó bá lọ sókè-sódò kì í di gbígbọ́. Ní nǹkan bí 1958 tí àwo sítẹ́rió (olóhùn méjì) dé ọjà, òkè àti ìsàlẹ̀ náà di ara orin, ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tiẹ̀.

Bẹ́líìtì ni wọ́n fi dáhùn. Ní 1961, AR XA, iṣẹ́ ọwọ́ Edgar Villchur ní Amẹ́ríkà, ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀, ó sì so àtẹ àti apá tó gbé abẹ́rẹ́ dání pọ̀ kọ́ sórí sípíríìngì. Bẹ́líìtì rọ́bà tó rọ̀ gbé ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì mì. Bí ilẹ̀ bá mì, àtẹ àti apá á jọ mì pọ̀, abẹ́rẹ́ kò sì ní fura. Linn Sondek LP12 ti Scotland gba ọ̀nà yìí kan náà lẹ́yìn ọdún bíi mọ́kànlá. Fún ẹni tó fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ gbọ́ orin, kò sí èyí tó dùn tó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́líìtì máa ń nà, àtẹ sì máa ń lọ́ra kó tó gbéra.

Àwọn ará Japan ní kí wọ́n yọ bẹ́líìtì kúrò pátápátá. Nínú Technics SP-10 ti 1970, ọ̀pá ẹ́ńjìnnì gan-an ni ọ̀pá àtẹ, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kò sì yí ju ìgbà 33⅓ lọ. SL-1200 tẹ̀ lé e ní 1972, ẹ̀dà rẹ̀ kejì, MK2, tí kirísítálì kúọ́tìsì (irú èyí tó ń pa àkókò mọ́ nínú aago ọwọ́) ń ṣọ́ ìyára rẹ̀ dé ní 1979, àwọn DJ sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olùgbọ́ orin. Wọ́n gbá a mú, wọ́n ń fà á sẹ́yìn, wọ́n ń tì í síwájú, kò ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn àmì tóótòòtó tó wà létí àtẹ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Iná kékeré tó ń tàn sí wọn ń ṣẹ́jú. Bí ìyára bá pé, wọ́n á dà bí ẹni dúró sójú kan.

Ẹni tó ń ra àlòkù, kó ṣọ́ra fún iná. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oníkẹ̀kẹ́ àti oníbẹ́líìtì àtijọ́ ń gba ìyára wọn láti ara iná tí wọ́n ń lò. Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí wọ́n ṣe fún 60 Hz yóò lọ́ra ní ìdá kan nínú mẹ́fà lórí 50 Hz, olórin yóò sì dà bí ẹni tí oorun ń kùn, àyàfi tí wọ́n bá pààrọ̀ orí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ rọ́bà tó ti gan, ọ́ìlì tó gbẹ, bẹ́líìtì tó nà, gbogbo ìyẹn ṣe é pààrọ̀.

Láti dán an wò, gbé abẹ́rẹ́ sí etí àwo níbi tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí o yí ohùn sókè díẹ̀. Bí o bá gbọ́ “hùù” lábẹ́lẹ̀, gbé abẹ́rẹ́ kúrò lára àwo. Bó bá dákẹ́, ara àtẹ àti ẹ́ńjìnnì ló ti ń wá. Bí kò bá dákẹ́, wáyà ni kí o lọ yẹ̀ wò.