Ẹ̀jẹ̀, Eegun àti Ọ̀rá: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Jẹ́ Ẹbí Kan Náà?

Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yábàá. Tí a bá ti dé orí tí ìwé ń pè ní connective tissue, ìbéèrè kì í tán, àwọn òbí náà á sì tún fi tiwọn rán àwọn ọmọ wá. Èyí tí wọ́n ń bi mí jù ni mo dáhùn síbí. Àsopọ̀ ara ni n ó máa pè é.

Ìbéèrè: Tíṣà, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, eegun le, ọ̀rá rọ̀. Kí ló pa wọ́n pọ̀?

Oríṣi ohun mẹ́rin ni wọ́n fi mọ ara èèyàn: èyí tó bò wá lóde tó sì tẹ́ inú ìfun, ẹran tó ń mú wa rìn, iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ, àti àsopọ̀ ara. Nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀lì ló kún ibẹ̀. Nínú àsopọ̀ ara, sẹ́ẹ̀lì sábà máa ń jìnnà síra, ohun tó wà láàrin wọn ló sì ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù: fọ́nrán àti ohun tí fọ́nrán náà rì sí. Tí ohun àárín yẹn bá jẹ́ omi, ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Tó bá ki tó sì ń yọ̀, kerekere ni. Tí iyọ̀ kálísíọ̀mù bá wọ̀ ọ́ tó fi le, eegun ni. Ọ̀rá ló yàtọ̀ díẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Síbẹ̀ ọmọ ilé ni: nígbà tí ọmọ ṣì jẹ́ ọlẹ̀ nínú ìyá rẹ̀, orírun kan náà ni gbogbo wọn ti wá.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fojú rí wọn, àbí inú ìwé nìkan ni wọ́n wà?

Ẹ lọ sí ìsọ̀ alápatà l'Óyìngbò. Ẹ wo pọ̀nmọ́: fọ́nrán kọ́lájìn inú rẹ̀ dojú kọ gbogbo ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ya, ibi yòówù kẹ́ ẹ ti fà á. Ẹ wo iṣan ẹsẹ̀ màlúù, èyí tó so ẹran mọ́ eegun (kì í ṣe iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ), funfun tó ń dán: fọ́nrán tirẹ̀ dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo, torí ọ̀nà kan ni ẹran ti ń fa eegun. Ibi tí eegun méjì ti pàdé, ohun funfun tó ń yọ̀ tó bo orí wọn ni kerekere. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fà nígbà tí ẹ bá ń bó awọ adìyẹ kúrò lára ẹran náà wà nínú ẹbí yìí. Òun ló ń gba ìṣàn ẹ̀jẹ̀ láyè láti dé abẹ́ awọ.

Kọ́lájìn yìí, purotéènì ni, òun ló sì pọ̀ jù nínú purotéènì ara wa. Tí ẹ bá se ẹsẹ̀ màlúù pẹ́, tí ẹ gbé omi rẹ̀ sínú fíríìjì, á dì. Kọ́lájìn tó yọ́ sínú omi ló ń dì bẹ́ẹ̀.

Fọ́nrán mìíràn tún wà tó ń fà tó sì ń padà sípò. Ẹ ká etí yín, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Fọ́nrán yẹn náà ló wà nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù, á fẹ̀, á tún sún kì.

Ìbéèrè: Ọ̀rá ńkọ́? Ṣé ó ní ohun rere tó ń ṣe?

Ó ń tọ́jú agbára tí a ó lò tí oúnjẹ bá wọ́n, ó yí kíndìnrín ká kó má baà fara gbá, ó sì ń tú họ́móònù tó ń sọ fún ọpọlọ pé ara ti yó. Àpọ̀jù rẹ̀ ni wàhálà.

Ìbéèrè: Mo já bọ́ nígbà tí mo ń sọ̀ nínú dánfó l'Ójúẹlẹ́gba, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì rọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni eegun apá àbúrò mi kán. Tirẹ̀ ti jinná, èmi ṣì ń tiro. Ṣé kì í ṣe eegun tó kán ló yẹ kó pẹ́ jù ni?

Ẹ̀jẹ̀ ló fa ìyàtọ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń da òpó ilé alájà l'Ékòó: wọ́n á to irin, wọ́n á wá da kọnkéré lé e. Kọ́lájìn ni irin eegun, iyọ̀ kálísíọ̀mù ni kọnkéré rẹ̀. Ẹ ki eegun itan adìyẹ bọ inú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan, iyọ̀ náà á yọ́ kúrò, ẹ ó sì lè fọwọ́ tẹ eegun ọ̀hún láì kán. Àmọ́ eegun yìí kì í ṣe òkú ohun. Òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké gba inú rẹ̀ kọjá. Tó bá kán, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì á fi kerekere di àlàfo náà, wọ́n á wá sọ ọ́ di eegun gidi. Apá àgbàlagbà lè jinná láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ti ọmọdé á yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó fara pa ní ọrùn ẹsẹ̀ yín ni okùn tó so eegun mọ́ eegun. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré, ìyẹn ló fi funfun. Àpá ló sì fi ń dí ojú ibi tó ya, fọ́nrán àpá á kọ́kọ́ wà ní rúdurùdu, á wá máa tò díẹ̀díẹ̀. Tó bá ya púpọ̀, ó lè gba oṣù mélòó kan, nígbà mìíràn ọdún kan, kó tó le dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ororo gbígbóná wọ́ ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́. Mo ti rí ẹsẹ̀ tó wú sí i lẹ́yìn irú ìwọ́ra bẹ́ẹ̀. Ẹ sinmi, ẹ fi aṣọ wé yìnyín kẹ́ ẹ gbé e lé e fún ìgbà díẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Tí ìrora bá ti rọlẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó díẹ̀díẹ̀, torí fífà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń kọ́ fọ́nrán tuntun ní ọ̀nà tí yóò tò sí. Ẹni tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kó lọ ya X-ray. A ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, tó ti wà láti 1945.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí náà ló fà á tí ìbàdí fi ń yọ ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àrùn sẹ́ẹ̀lì dòjé (sickle cell) lẹ́nu. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó tẹ̀ á dí òpó kéékèèké, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé orí eegun itan, apá ibẹ̀ á sì kú.

Ìbéèrè: Orúnkún ń dun màmá mi, wọ́n ní kerekere wọn ti ń bàjẹ́. Ṣé kí wọ́n yéé rìn ni?

Rárá o, àyàfi tí dókítà bá ní kí wọ́n dúró. Kerekere kò ní òpó ẹ̀jẹ̀ rárá. Inú omi oríkèé ló ti ń jẹun: tí màmá bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, omi á fún jáde, tí wọ́n bá gbé e, omi á wọlé pẹ̀lú oúnjẹ. Kerekere ẹni tó jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kì í jẹun kánú. Kò ní iṣan ìmọ̀lára náà. Eegun tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti àpò tó yí oríkèé ká ni ìrora ti ń wá, ìdí nìyẹn tí kerekere fi lè ti bàjẹ́ jìnnà kí èèyàn tó mọ̀. Ìrìn pẹ̀lẹ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú dára. Gígun àti sísọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ ló ń ni orúnkún lára.

Ìbéèrè: Wọ́n ń ta kọ́lájìn oníyẹ̀fun lórí fóònù. Ṣé ó ń lọ tààrà sí orúnkún?

Kì í lọ tààrà. Ìfun á gé e wẹ́wẹ́ bó ṣe ń gé purotéènì inú ẹyin àti ẹ̀wà, ara á wá pín in síbi tó bá wù ú. Ohun tí èmi á ná owó lé lórí ni èso. Láìsí fítámì C, ara kò lè lọ́ fọ́nrán kọ́lájìn pọ̀ kó le. Ní 1747, James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Bìrìtìkó, yan atukọ̀ 12 tí àìtó fítámì C ń bá jà: eyín wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, ara wọn sì ń jẹrà. Àwọn méjì tó fún ní ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ni ara wọn yá kíákíá. Ọsàn, gúáfà àti ìbẹ́pẹ wà ní gbogbo ìkòríta wa.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àpá etí ọmọ mi ń wú lẹ́yìn tí a lu etí náà fún yẹtí?

Sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè kọ́lájìn kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró ni. Ojú egbò ti dí, ó ṣì ń kó fọ́nrán jọ, àpá á wá kọjá ààlà egbò. Keloid ni wọ́n ń pè é. Ó wọ́pọ̀ lára àwa tí awọ wa dúdú, ó sì máa ń tọ ìdílé. Etí, àyà àti èjìká ló fẹ́ràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn gé e dànù, torí gígé jẹ́ egbò tuntun, ó sì lè mú un padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà awọ sábà máa ń gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pẹ̀rọ̀ sí i, tàbí kó pa abẹ́rẹ́ yìí pọ̀ mọ́ gígé. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ yòówù fún ọmọ náà, kẹ́ ẹ sì fi etí kejì sílẹ̀ bó ṣe wà.