Bí Igbá Ẹmu Ṣe Wọ Ọgbà Yunifásítì n'Ílùú Ìbàdàn

Kí yunifásítì kankan tó wà n'Ìbàdàn ni ẹmu ti ní ètò tirẹ̀. Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ ní ìdájí, á sọ akèrègbè kalẹ̀; ohun tó wà nínú rẹ̀ á dùn ní àárọ̀, á le ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá sì fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Nítorí pé kò ṣeé tọ́jú pamọ́, àwọn ènìyàn níláti pe ara wọn jọ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a, kí ẹni tó kéré jù máa bù ú, kí àgbà sì kọ́kọ́ gba igbá. Irú ìjókòó yìí gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà gbé wọ ọgbà, ṣùgbọ́n kò yá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó di Yunifásítì Ìbàdàn lónìí, sílẹ̀ ní ọdún 1948, inú ilé ìwòsàn àwọn ológun àtijọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló sì ń fún wọn ní oyè. Ìlànà Òyìnbó ni wọ́n ń tẹ̀lé, títí kan gáùn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ lọ síbi oúnjẹ alẹ́, níbi tí àwọn olùkọ́ ti ń jókòó sídìí tábìlì tiwọn lọ́tọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní 1949, ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries gbé ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó. Lójú tèmi, ọtí olówó oṣù ni bíà nígbà náà, kì í ṣe ti ọmọ iléèwé.

Oṣù kẹwàá ọdún 1962 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìbàdàn níbí ló sì ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244, lórí ilẹ̀ tí The Polytechnic wà lónìí. Ọdún 1967 ni wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1962 yẹn kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá Palm Wine Drinkards' Club sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Kegites. Ọ̀rọ̀ "Drinkard" kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ́ wọn; orí ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tútùọlá gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952 ni gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n.

Wọ́n wá fi ẹ̀fẹ̀ sọ gbogbo nǹkan lórúkọ. Ilya ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní iléèwé kọ̀ọ̀kan, Chief ni olórí, omi mímọ́ ni ẹmu, gyration sì ni àpèjọ wọn. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè ní Parrot, ìyẹn ayékòótọ́, orúkọ yìí sì bá a mu ju akọ̀wé lọ, nítorí pé ẹyẹ náà kì í fi ohun tó gbọ́ pamọ́. Ẹni tó bá jókòó sí gyration á rí i pé orin àti ìlù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹmu ń hó nínú akèrègbè láàárín agbo, oyin kan tàbí méjì ti rì sínú ìfófòó. Ẹni tí igbá bá kàn á fẹ́ ìfófòó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á mu, á sì gbé e fún ẹnìkejì láìnu ẹnu rẹ̀. Ọmọ ọlọ́rọ̀ àti ọmọ àgbẹ̀ ń pín igbá kan ṣoṣo, ohun tí tábìlì àwọn olùkọ́ kò jẹ́ ṣe.

Akèrègbè ti di kẹ́ẹ̀gì oníke báyìí, àwọn kan sì ń bu omi àti ṣúgà là á kí wọ́n tó gbé e wọlé. Nigerian Breweries náà ti dá ilé ìpọntí sílẹ̀ n'Ìbàdàn láti 1982. Ní Agbowó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn, olúkúlùkù ló ń ra ìgò tirẹ̀, tó sì ń gbé e sí iwájú ara rẹ̀.