Ibi tí iyàn "ta ni ọ̀gá wọn" ti ṣẹ̀ nínú rẹ́sílìn

Wákàtí méjì ti kọjá, ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni kò tíì kanlẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1908 ni, nínú gbọ̀ngàn Dexter Park ní Chicago. Ó ti rẹ George Hackenschmidt, tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún Rọ́ṣíà, débi pé ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n pe ìjà náà ní ọ̀mì. Frank Gotch, ọmọ Iowa, fárígá. Wọ́n bá tún di ara wọn mú. Gotch yí sí i lẹ́yìn, ó gbé e lulẹ̀, ó sì ń wá ẹsẹ̀ rẹ̀ tí yóò lọ́. Hackenschmidt juwọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fẹnu kò sí pé àwọn yóò jà, kí ẹni tó bá mú méjì gbé bẹ́líìtì lọ, ṣùgbọ́n Hackenschmidt kò jáde fún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí wọ́n máa gbé e fún Gotch.

Ohun tó sọ lẹ́yìn ìjà ló mú mi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí níbẹ̀. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé ọba ni Gotch, pé nínú gbogbo ẹni tí òun ti bá pàdé, kò sí ẹni tó tó o. Nígbà tó yá, ohùn yí padà. Ó ní òróró ni Gotch fi para tí ọwọ́ òun fi ń yọ̀ lára rẹ̀, ó ní àtàǹpàkò ló fi ń gún òun lójú. Ẹnu kan náà ló sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àwọn olólùfẹ́ ìjà náà sì pín sí méjì: àwọn kan ní Gotch lọ̀gá, àwọn kan ní ojóró ló fi borí. Títí di òní yìí, a kò tíì kúrò nínú iyàn yẹn. Orúkọ àwọn oníjàkadì nìkan là ń pààrọ̀.

Kó tó dìgbà yẹn, ìbéèrè náà ní ìdáhùn. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn oníjàkadì máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ eléré kiri láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á gbé owó kalẹ̀, wọ́n á ní kí ẹni tó bá láyà jáde. Bí wọ́n bá dá ọ, wọ́n dá ọ nìyẹn. Lọ́dún 1881, William Muldoon àti Clarence Whistler di ara wọn mú ní New York fún ohun tó lé ní wákàtí méje láìsí ẹni tó dá ẹnì kejì, ọ̀mì ni wọ́n sì fi tú ká. Nígbà tí Hackenschmidt wá dá Tom Jenkins ní Madison Square Garden lọ́jọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1905, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì gbogbo ayé fún àwọn abara-wíwúwo. Ìlà àwọn ọ̀gá kan ṣoṣo ló wà nígbà náà, ẹni tó bá wà níwájú ni ọ̀gá.

Wọ́n tún ìjà Gotch àti Hackenschmidt jà lọ́jọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1911 ní pápá Comiskey Park, níwájú èrò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000. Orúnkún Hackenschmidt ti bàjẹ́ níbi ìgbaradì, Gotch sì dá a lẹ́ẹ̀mejì láìsí wàhálà. Kàkà kí ìyẹn pa iyàn náà, ńṣe ló bu epo sí iná. Ad Santel, tó wà lára àwọn tó ń bá Hackenschmidt gbára dì, sọ fún ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, Lou Thesz, ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà pé àwọn ará ọ̀dọ̀ Gotch fún òun ní 5,000 dọ́là kí òun lè ṣe orúnkún náà léṣe. Àwọn kan gba ìtàn yìí gbọ́, àwọn kan ní irọ́ ni. Ẹ fi orúkọ Thesz yẹn sọ́kàn.

Ẹnì kan wà lẹ́yìn odi tí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún. Ghulam Mohammad, tí ayé mọ̀ sí Gama, dé sí London láti Íńdíà lọ́dún 1910, ó sì pe gbogbo ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá níjà. Ó dá Benjamin Roller, ará Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lọ́jọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, ó kojú Stanislaus Zbyszko, ọmọ Poland, ọkùnrin kan tó gbẹ̀ǹgbẹ̀ bí àpò sìmẹ́ńtì. Gama gbé e lulẹ̀ kíá. Zbyszko bá dojú bolẹ̀, ó na ara tẹ́ mọ́ ilẹ̀, kò sì dìde mọ́ bí kò ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Gama ń fà á, ó ń tì í, ó ń gbìyànjú láti yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kanlẹ̀. Ó lé ní wákàtí méjì àbọ̀ tí wọ́n fi wà lẹ́nu ẹ̀ pẹ̀lú ariwo àwọn òǹwòran tí inú ń bí, kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 17. Nígbà tí ọjọ́ pé, Zbyszko kò yọjú. Wọ́n tún pàdé ní Patiala, ní Íńdíà, lọ́dún 1928, kò sì pé ìṣẹ́jú kan tí Gama fi dá a.

Gotch kò bá Gama jà rí. Gotch kú ní 1917, bẹ́líìtì náà sì ti lọ sọ́wọ́ ẹlòmíì, Gama sì wà nílé rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a. Bí ẹ bá bi mí, ìjà tí kò wáyé yìí ni ìpìlẹ̀ gan-an. Iyàn òróró lè parí bí ẹnì kan bá jẹ́wọ́. Ìjà tí ẹnikẹ́ni kò jà kò ní ẹlẹ́rìí tí a lè pè.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, tàbí kó jẹ́ pé òun ló tún un ṣe, ó dá lórí ohun tí ẹ fẹ́ràn. Ìjàkadì gidi lè sú èèyàn. Ta ló fẹ́ sanwó láti wo ọkùnrin kan tó dojú bolẹ̀ fún wákàtí méjì? Ní ọdún 1920 sí òkè, àwọn mẹ́ta kan pa ọgbọ́n pọ̀ ní Amẹ́ríkà: Ed Lewis, tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù bó ṣe ń fún ọrùn, Billy Sandow, tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, àti Toots Mondt. Wọ́n dín àkókò ìjà kù, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìfò sí i, wọ́n kó àwọn oníjàkadì sábẹ́ àdéhùn kan, wọ́n sì ń pinnu ẹni tí yóò borí kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ ẹ̀wù.

Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àṣìṣe kan tí mi ò ní gbàgbé. Ní oṣù kìíní ọdún 1925, ní Kansas City, Lewis jẹ́ kí Wayne Munn gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ òun. Agbábọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà (American football) ni Munn, ó ga, ó rẹwà, èrò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìjàkadì. Ní oṣù kẹrin, wọ́n mú ẹnì kan wá láti wá ṣubú fún un ní Philadelphia. Ta ni? Zbyszko, ẹni tó dojú bolẹ̀ ní London níjọ́sí. Àwọn ọ̀tá Lewis ti bá a sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Dípò kó ṣubú, ó dá Munn gidi, ó tún un dá, rẹfirí kò rí ohun kan ṣe ju kó gbé ọwọ́ Zbyszko sókè lọ. Kí oṣù karùn-ún tó parí, ó ti gbé bẹ́líìtì náà fún Joe Stecher, tó wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá Lewis.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo agbátẹrù ìjà ló mọ̀ pé ẹni tí a bá gbé bẹ́líìtì fún gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáàbò bò ó bí ẹnì kejì bá dalẹ̀. Ìdí rèé tí Lou Thesz fi di ọ̀gá. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà tó kọ́kọ́ gba bẹ́líìtì gbogbo ayé ní oṣù Kejìlá ọdún 1937. Santel kọ́ ọ, Lewis alára náà kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn agbátẹrù pé jọ sí Waterloo, Iowa, ní 1948, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ NWA sílẹ̀, tí wọ́n pín Amẹ́ríkà láàárín ara wọn bí ẹni pín ilẹ̀ ogún, kò pẹ́ tí Thesz fi di ẹni tí ń gbé bẹ́líìtì wọn kiri. Awo sì ni gbogbo wọn. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́: ẹni tó bá ṣubú lálẹ́ yìí mọ̀ pé òun ni wọ́n ní kó ṣubú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ sọ ọ́ síta.

Ìlà kan ṣoṣo yẹn já ní ọdún 1963. Lọ́jọ́ 24 oṣù kìíní, ní Toronto, Thesz gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Buddy Rogers. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó ti sọ fún Rogers ṣáájú ìjà pé àwọn lè ṣe é nírọ̀rùn, àwọn sì lè ṣe é pẹ̀lú agbára. Àwọn agbátẹrù New York ní àwọn kò gbà. Wọ́n ní Rogers ṣì ni ọ̀gá, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tó di WWE lónìí. Lọ́jọ́ 17 oṣù karùn-ún, Bruno Sammartino dá Rogers ní ìṣẹ́jú-àáyá 48, ó sì di bẹ́líìtì náà mú títí di oṣù kìíní ọdún 1971. Verne Gagne náà wà ní Minneapolis pẹ̀lú bẹ́líìtì tirẹ̀. Ọ̀gá mẹ́ta, ìlà mẹ́ta, wọn kò sì ní dá ara wọn láéláé. Ibi tí wọ́n bá bí ọ sí ló ń sọ ẹni tí o máa pè ní ọ̀gá. Ní Mẹ́síkò, El Santo ni, ẹni tó fi ìbòjú jà láti 1942 tí wọ́n sì sin pẹ̀lú ìbòjú rẹ̀ ní 1984. Ní Japan, Rikidozan ni, tí àwọn èèyàn ń kóra jọ sídìí tẹlifíṣọ̀n ìta gbangba láti wò.

Ọ̀rọ̀ "èmi ni ọ̀gá" fúnra rẹ̀, ẹnu oníjàkadì ló ti gbòde. Gorgeous George pa irun rẹ̀ láró bí ti òyìnbó obìnrin, ó wọ agbádá ṣẹ́dà, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ á máa fín lọ́fínńdà káàkiri kó tó wọlé. Tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé inú ilé àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà náà, òun ló sì ń mú kí wọ́n tàn án. Ní 1961, ní Las Vegas, ọmọ ọdún 19 kan tó ń ja ẹ̀ṣẹ́ gbọ́ ọ tó ń fọ́nnu lórí rédíò, ó lọ wo ìjà rẹ̀, ó bá gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́ fún àwọn tó fẹ́ rí i kí wọ́n lù ú. Cassius Clay ni ọmọ náà. Nígbà tó di Muhammad Ali, kò fi pamọ́ pé ibẹ̀ lòun ti kọ́ ẹnu tí òun ń yọ.

Ní oṣù kejì ọdún 1989, awo náà tú. Àwọn aláṣẹ WWF, orúkọ tí WWE ń jẹ́ nígbà náà, fúnra wọn lọ sọ níwájú ilé aṣòfin àgbà New Jersey pé kì í ṣe ìdíje, pé eré ìdárayá fún ìgbádùn ni, kí ìjọba ìpínlẹ̀ lè yọ ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Èèyàn lè rò pé iyàn á kú níbẹ̀. Ńṣe ló tún gbóná sí i. Bí kò bá ṣe pé ta ló lè dá ta, kí wá la fẹ́ fi wọ̀n wọ́n? Àwọn kan mú iye èrò: Hulk Hogan ni, ẹni tó gbé Andre the Giant sókè ní Pontiac ní 1987. Èrò 93,173 ni ẹgbẹ́ náà kéde, iye yẹn pàápàá sì ti di iyàn tirẹ̀. Àwọn kan mú bí ìjà ṣe dùn tó. Dave Meltzer, oníròyìn rẹ́sílìn, ń fi ìràwọ̀ wọn ìjà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń fi fídíò ìjà Japan ránṣẹ́ síra wọn nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Mitsuharu Misawa àti Manami Toyota ṣe dé etí àwọn tí kò dé Japan rí.

Àwọn yòókù ka bẹ́líìtì. Ric Flair gba ti gbogbo ayé lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, John Cena bá a dọ́gba ní 2017, ó sì kọjá rẹ̀ lọ́jọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó mọ ìtàn Flair dáadáa, wọ́n á ní tirẹ̀ ju ogún lọ, nítorí pé àwọn kan wà tí àwọn agbátẹrù kò kà.

Thesz ni tèmi. Òun nìkan ló mú ìjàkadì àtijọ́ lọ́wọ́ kan, tó mú eré lọ́wọ́ kejì, tí kò sì sí èyí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ó gun orí pèpéle ìjà ní Hamamatsu, Japan. Ẹni ọdún 74 ni, ìgbáròkó àtọwọ́dá ló fi ń rìn. Masahiro Chono, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ló kojú rẹ̀. Chono gbé e lulẹ̀, ó há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ itan, ó nawọ́ gba iwájú orí rẹ̀, ó sì fà á sẹ́yìn. Thesz fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìdè yẹn.